Variac ámpù 8, mo fẹ́ kó máa gbé 14: ṣé fáànù á tó, àbí kí n rì í sínú ọ́ìlì?

Rewáíńdà_Takie
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí Takie níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mò ń rewáíńdì mọ́tò àti pọ́ǹpù omi, mo sì tún ń bá àwọn èèyàn chárjì bátìrì ínfátà. Iṣẹ́ bátìrì yìí ti pọ̀ ju ti mọ́tò lọ báyìí, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ LAUTECH àti àwọn tó ń ta nǹkan tútù. Variac kan ni mò ń lò, ẹ̀rọ tí èèyàn ń yí orí ẹ̀ láti gbé fóltì iná sókè tàbí sísàlẹ̀; tòkunbọ̀ ni, wọ́n kọ 8A (ámpù 8) sí i lára. Mo máa ń so bátìrì mẹ́rin tẹ̀léra wọn kó di fóltì 48. Mo fẹ́ máa ti ámpù 14 sí wọn kí wọ́n lè tètè kún, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ara variac á fi gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè dúró lórí ẹ̀, òórùn fánísì á sì máa jáde. Mo gbé fáànù inú kọ̀ǹpútà sí i, ó kàn dín in kù díẹ̀ ni. Ẹnì kan ní kí n rì í sínú ọ́ìlì tiransifọ́mà. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ra ńlá o, mo ti bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń tà á.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀
Fáànù ńlá ni, bọ̀dá. Ẹ tú ìbòrí irin ẹ̀ kúrò, kí atẹ́gùn lè máa gba ihò àárín ẹ̀ kọjá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí mo ṣe ń lo tèmi fún heater nìyẹn, kò sì sí wàhálà.

Bọ̀dáWáyà
Heater tìẹ yàtọ̀, màá padà sórí ẹ̀.

Rewáíńdà, àbúrò mi, jẹ́ ká ṣírò ná. Ooru tó ń jáde lára wáyà kì í bá ámpù rìn lọ́gbọọgba. Iye ámpù la máa fi ṣe ìlọ́po ara ẹ̀. Láti 8 sí 10, ooru ti di 1.56 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti 8 sí 14, ó ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Fáànù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì méjì lo fẹ́ fi kojú ìyẹn? Òórùn fánísì tó ò ń gbọ́ yẹn, ọjọ́ ayé variac ló ń gé kúrú. Òdiwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni pé bí kọ́ìlì bá fi ìwọ̀n 10 gbóná ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ, ìdábòbò ara wáyà á lo nǹkan bí ìdajì ìgbà tó yẹ kó lò. Ìpele ìdábòbò wáyà ni wọ́n ń pè ní Class: Class A wà fún ooru 105°C, B fún 130, F fún 155, H fún 180. Wo ara páálí ẹ̀. Bí o ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, kà á sí A.

Àǹtí_Físíìsì
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ nípa wáyà, àmọ́ kì í ṣe wáyà ló máa kọ́kọ́ lọ. Kábọ̀n ni, ègé dúdú kékeré tí ọwọ́ variac ń fà lórí kọ́ìlì láti mú iná jáde.

Kọ́ìlì kan ṣoṣo ni variac, wọ́n wé e mọ́ irin róbótó, wọ́n wá ha orí ẹ̀ kí bàbà lè hàn, kí kábọ̀n lè máa yọ̀ lórí ẹ̀. Kábọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ fẹ̀ débi tó fi máa kan ìyípo kejì kó tó kúrò lórí àkọ́kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á máa já bí o ṣe ń yí i. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà ló ń ṣọ́ọ̀tì ìyípo méjì pọ̀. Bí kọ́ìlì 220 bá ní ìyípo 250, nǹkan bíi 0.9 fóltì ló wà lórí ìyípo kan, ìyẹn á sì máa ti iná kọjá nínú kábọ̀n yálà o so ẹrù mọ́ ọn tàbí o ò so. Ìdí tó fi jẹ́ kábọ̀n nìyẹn, tí kì í ṣe bàbà: kábọ̀n ń dá iná yẹn dúró díẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí kábọ̀n bá jẹ tán, wọ́n á gé bàbà sí i dípò ẹ̀. Ìyípo tó bá wà lábẹ́ ẹ̀ á jó mọ́ wọn lọ́wọ́ ni.

Wàyí o, gbogbo ámpù tó ń jáde ló ń gba ojú kékeré tí kábọ̀n ti kan bàbà. Atẹ́gùn tó ń gba ihò àárín kọjá ń tu kọ́ìlì àti irin lára, kò fi bẹ́ẹ̀ dé ojú yẹn. Bí ojú bàbà bá gbóná jù, á dúdú. Dúdú yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, á tún gbóná sí i, á tún dúdú sí i, títí kábọ̀n á fi jẹ ihò sórí ìyípo kan. Bó o bá máa lo fáànù rárá, kábọ̀n àti apá irin tó dì í mú ni kí o dojú ẹ̀ kọ.

Rewáíńdà_Takie
Àǹtí, ẹ ṣeun. Ojú bàbà ti dúdú níbì kan lóòótọ́. Mo fi sáńpépà ha á, ó tún padà dúdú.

Àǹtí_Físíìsì
Rọra pẹ̀lú sáńpépà o. Àwọn variac kan wà tí wọ́n fi fàdákà bo ojú bàbà kó má bàa dúdú, sáńpépà á kàn ha á dànù ni. Sípíríìtì àti aṣọ tó mọ́ ni kí o kọ́kọ́ lò. Bó bá di dandan pé kí o ha á, èyí tó kúnná jù lọ ni kí o wá, kí o sì fẹ́ gbogbo eruku ẹ̀ kúrò, torí eruku bàbà láàárín ìyípo méjì, ṣọ́ọ̀tì ni. Má sì jẹ́ kí kábọ̀n máa jókòó sójú kan láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Pa iná ẹrù, yí i láti òpin dé òpin nígbà mélòó kan, á nu ojú ara ẹ̀.

Ibo gan-an ló ti dúdú? Ṣé ìsàlẹ̀ ni, nítòsí fóltì 50?

Rewáíńdà_Takie
Ibẹ̀ gan-an ni, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé e sí. Láti ibẹ̀ ó lọ sí dáyóòdù mẹ́rin tó ń sọ ọ́ di iná DC, irú ti bátìrì, láti dáyóòdù ó lọ sí bátìrì.

Bọ̀dáWáyà
Dúró ńbẹ̀. Kò sí tiransifọ́mà láàárín?

Rewáíńdà_Takie
Rárá, ẹ̀gbọ́n. Tààrà ni. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bọ̀dáWáyà
Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì lè pa èèyàn. Variac kì í ya iná NẸ́PÀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí o so mọ́ ọn. Kọ́ìlì kan náà ni, wáyà kan náà ni. Mítà á sọ fún ẹ pé 50 ló wà láàárín ẹnu bátìrì méjèèjì, àmọ́ gbé ẹsẹ̀ mítà kan sílẹ̀, kí o gbé èkejì sẹ́nu bátìrì, wàá rí nǹkan mìíràn. Bí ẹni tó so sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù ẹ bá gbé láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, sí ipò níútírà, tàbí bí níútírà bá já lórí òpó, 220 ló wà lára bátìrì yẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù, tí omi bátìrì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló máa fọwọ́ kàn án. Tú u lónìí. Ọ̀rọ̀ fáànù lè dúró.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀
Ẹ̀gbọ́n ti bínú o 😄

Àǹtí_Físíìsì
Kò bínú, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ibi tó sì fọwọ́ kàn yẹn ló máa yanjú ọ̀rọ̀ ooru náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀.

Nínú variac, apá kọ́ìlì tó wà lókè kábọ̀n kì í gbé ju ámpù tó ń wọlé láti NẸ́PÀ lọ. Apá tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, láti kábọ̀n dé níútírà, ló ń gbé ìyókù. Ká ní ámpù 20 ń jáde ní 48 fóltì. Ohun tó ń wọlé jẹ́ 4.4 péré. 15.6 tó kù, ìyípo 55 ìsàlẹ̀ ló ń rù ú nínú 250. Ìyókù kọ́ìlì ń ṣeré lókè níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́: ó ń tu ibi tí kò gbóná púpọ̀ lára.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi mú 20 nígbà tí Rewáíńdà sọ 14. Mítà DC ń ka ìpíndọ́gba. Bátìrì kì í gba iná látọ̀dọ̀ dáyóòdù àfi nígbà tí fóltì tó ń bọ̀ bá ga ju tiẹ̀ lọ, torí náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni iná ń wọlé, á ga sókè fíofío, á tún já bọ́. Gíga yẹn ló ń dá ooru sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ 14 lójú mítà lè jẹ́ 20 lára kọ́ìlì. Clamp meter tó ń ka true RMS, ìyẹn iye ámpù tó ń dá ooru sílẹ̀ gan-an, ni kí o yá, kí o gbé e sórí wáyà tó ń ti variac jáde, kí ó tó dé dáyóòdù.

Ohun tí màá ṣe rèé: tiransifọ́mà tó ń sọ 220 di 60, tó ní kọ́ìlì méjì tí kò kan ara wọn, tí agbára ẹ̀ jẹ́ 1.5 kVA. Gbé e sáàárín variac àti dáyóòdù. Ámpù 20 ní ẹ̀gbẹ́ 60 di 5.5 péré ní ẹ̀gbẹ́ 220. Kábọ̀n á kúrò nísàlẹ̀, á lọ jókòó nítòsí 180. Variac ámpù 8 tó wà lọ́wọ́ ẹ á gbé e láìsí fáànù, láìsí ọ́ìlì, bátìrì á sì bọ́ lọ́wọ́ NẸ́PÀ. Rewáíńdà sì ni ẹ́, ìwọ fúnra ẹ lo máa wé e.

Rewáíńdà_Takie
Ah! Mo ní irin tiransifọ́mà ínfátà kan tó ti jó nílẹ̀ níbí. Mi ò ronú kàn án rí pé kí n fi tiransifọ́mà tẹ̀lé variac.

Alájìlété
Ẹ kú àpérò o. Ìdí tiransifọ́mà ìgboro ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí kọjá bẹ́ẹ̀, torí ẹlòmíràn á ka ìbéèrè yìí láìka ìdáhùn.

Ọ́ìlì ń tu kọ́ìlì lára ju atẹ́gùn lọ, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Variac tó ń gbé inú ọ́ìlì sì wà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, nínú àpótí irin tó dé pinpin. Bí o bá ri èyí tí kò sí fún un sínú gálọ́ọ̀nù, eruku kábọ̀n á máa dà sínú ọ́ìlì títí tí ọ́ìlì á fi di ohun tí iná ń gbà kọjá. Iná tó ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ lójú kábọ̀n á máa se ọ́ìlì náà, gáàsì tó lè gbiná á sì máa jáde. Tí ọ́ìlì tiransifọ́mà tó wọ́pọ̀ bá ti gbóná dé nǹkan bíi 150, èéfín ẹ̀ lè gbiná. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Èkejì, ẹ má ra ọ́ìlì tí wọ́n fà jáde látinú tiransifọ́mà àtijọ́. Àwọn kan nínú wọn ní PCB, májèlé tí kì í tètè kúrò nínú ara ni, ó sì wà lára àwọn ohun tí àdéhùn Stockholm ti 2001 ní kí gbogbo ayé pa tì. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó gbé ọ́ìlì wá tà fún ẹ nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ bi í pé tiransifọ́mà àdúgbò wo ló ti fà á. Àwọn kan ń sùn nínú òkùnkùn nítorí kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Ẹ ó tún bi mí léèrè òróró. Lóòótọ́, wọ́n ń ṣe ọ́ìlì tiransifọ́mà láti ara sóyà, kì í sì í gbiná títí yóò fi kọjá 300. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa omi àti ìdọ̀tí inú ẹ̀ jáde, wọ́n sì ti po nǹkan mọ́ ọn kó má bàa kan. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní Ọjà Igbó, àkàrà ni kí ẹ fi dín.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀
Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂 Ẹ̀gbọ́n Wáyà, ẹ ní ẹ ó padà sórí heater mi.

Bọ̀dáWáyà
Ṣé nítòsí òkè lo máa ń gbé e sí, 200 sókè?

Ọmọ_Arówómọlẹ̀
Bẹ́ẹ̀ ni, 210.

Bọ̀dáWáyà
Ìdí tó fi ń gbà fún ẹ nìyẹn. Níbi tí ohun tó ń jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tó ń wọlé dọ́gba, iná kàn ń gba ìyípo díẹ̀ kọjá lọ ni, kọ́ìlì ń sinmi. Àwọn tó ń ṣe variac mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ iye ámpù méjì sára ẹ̀. Èyí tó kéré wà fún ibikíbi tí kábọ̀n bá wà. Èyí tó tóbi wà fún ẹrù bíi heater, tí ámpù ẹ̀ ń dín kù bí fóltì ṣe ń dín kù. Kábọ̀n ṣì ń gbé gbogbo ẹ̀ o, torí náà ibẹ̀ ni kí fáànù ẹ kọjú sí.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ò tíì mẹ́nu bà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, bíi kí Rewáíńdà dán mọ́tò wò, ó lè kọjá 8 láìsí fáànù rárá, torí irin àti bàbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ámpù 14 fún ìṣẹ́jú 5 nínú 20, ooru tó wọ kọ́ìlì kò tó ti 8 tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Kábọ̀n nìkan ni kì í mọ ìṣirò yẹn, òun máa ń gbóná kíá. Tí o bá rí i tó pọ́n, pa á.

Ìyá_Frísà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mò ń ta ẹja dídì ní Under G. Iná wa kì í ju 180 lọ nírọ̀lẹ́, frísà á kàn máa kùn. Ọmọkùnrin kan ní kí n ra variac, kí n yí i títí á fi dé 220. Ṣé ó dára?

Bọ̀dáWáyà
Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ má ṣe é. Variac kò mọ 220, ohun tó mọ̀ ni kó fi ìdá kan lé ohun tó bá wọlé. Ẹ yí i kí 180 lè di 220, ẹ lọ sùn. Lóru, táwọn èèyàn bá ti pa nǹkan wọn, iná á padà sí 230, frísà yín á sì máa jẹ 281. Sitebiláísà onímọ́tò ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní servo. Variac ló wà nínú òun náà, àmọ́ mọ́tò kékeré kan ló ń yí kábọ̀n fúnra ẹ̀.

Àǹtí_Físíìsì
Ohun tó wà nínú servo ńlá bá ìbéèrè Rewáíńdà mu gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, variac kì í gbé ẹrù rárá. Ó ń bọ́ tiransifọ́mà kékeré kan tó ń sọ fóltì di ìdá kan nínú márùn-ún, ìdá yẹn ni wọ́n wá fi kún iná tó ń kọjá lọ. Bí 180 bá wọlé, 36 ni wọ́n máa fi kún un, ó di 216. Ẹrù ń fa ámpù 10, variac ń gbé 2 péré. Ẹni tó bá fẹ́ kí variac kékeré darí ẹrù ńlá, ọ̀nà tí kò ní mú ooru dání nìyẹn.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀
Bí èèyàn bá so variac méjì pọ̀ ńkọ́? 8 àti 8, ó di 16.

Àǹtí_Físíìsì
Kò ní di 16. Kábọ̀n méjèèjì kò lè wà lójú kan náà láé, ìyàtọ̀ ìdajì fóltì sì ti tó láti máa ti ámpù ńlá yípo láàárín àwọn méjèèjì láìkan ẹrù. Àwọn tó ń ṣe é máa ń so wọ́n mọ́ ọ̀pá kan, wọ́n á sì fi choke oníkọ́ìlì méjì sáàárín láti dá iná yẹn lẹ́kun.

Alájìlété
Rewáíńdà, Hz mélòó, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n kọ sí i lára?

Rewáíńdà_Takie
240V 60Hz, bàbá.

Alájìlété
Mo rò bẹ́ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Iná wa jẹ́ 50. Èyí tí wọ́n ṣe fún 240 lórí 60, 200 ló yẹ kó máa jẹ lórí 50, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin ẹ̀ á kún jù, á máa gbóná, á sì máa kùn láìsí ẹrù. Tan án fún wákàtí kan láìso nǹkan kan mọ́ ọn, kí o fọwọ́ kan irin. Bó bá gbóná gan-an, o mọ̀ pé ara ooru tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu kò kan bátìrì rárá.

Àǹtí_Físíìsì
Kí o sì wọ̀n ọ́n dípò ọwọ́. Thermometer oníláìtì tí wọ́n ń nà sí nǹkan máa ń parọ́ lórí bàbà tó ń dán, iye tó máa sọ kò ní tó iye tó wà níbẹ̀. Lẹ bébà masking tape sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì níbi tó sún mọ́ kábọ̀n, kí o na láìtì sí bébà yẹn. Ọ̀nà míràn ni kí o wọn óòmù kọ́ìlì nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná. Bí óòmù bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé, tí yàrá jẹ́ 30, kọ́ìlì ti wà ní nǹkan bíi 96. Àmọ́ ìpíndọ́gba gbogbo kọ́ìlì nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìyípo ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló ń jó bíi tìẹ, ibẹ̀ á ti kọjá 96 dáadáa.

Rewáíńdà_Takie
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti wé tiransifọ́mà náà sórí irin ínfátà yẹn, 220 sí 60. Mo fi clamp meter ẹni kan wò ó: 14 lọ sí bátìrì, nǹkan bíi 5 ló ń gba variac. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni. Dáyóòdù ló ń gbóná báyìí, mo ti de irin pẹlẹbẹ mọ́ wọn, mo sì gbé fáànù sí wọn. Ohun tó kù ni fíúsì. Mo ní 10 níbi tí iná ti ń wọlé sínú variac. Ṣé ó tó?

Àǹtí_Físíìsì
O káre. 10 tó wà níbi ìwọlé kò tó. Wo bó ṣe rí nígbà tí o ṣì wà ní 48 tààrà: bí ámpù 40 bá ń gba kábọ̀n kọjá, 8.7 ló máa wọlé láti NẸ́PÀ. Kábọ̀n á jó, ìyípo á jó, fíúsì 10 á máa wò wọ́n. Fi fíúsì 8 sórí wáyà tó ń ti kábọ̀n jáde. Fi òmíràn, 25, sórí wáyà bátìrì, kó sún mọ́ ẹnu bátìrì bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, torí bátìrì mẹ́rin yẹn lè yọ́ wáyà láìsí NẸ́PÀ níbẹ̀. Kí o sì so ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin tiransifọ́mà.

Bọ̀dáWáyà
Kí 8 yẹn jẹ́ slow-blow o. Tiransifọ́mà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná máa ń fa ámpù ńlá fún ìgbà kúkúrú gan-an, èyí tó ń tètè já á máa já láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Àbí kí o máa dá variac padà sí òdo kí o tó tan án, kí o wá rọra gbé e sókè.